Ilé Ẹbí Tí Ìjì Ṣí Lórí: Bí A Ṣe Ń Tún Ògiri Amọ̀ Ṣe Kí Omi Tó Pa Á

Nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ bá ṣí òrùlé ilé ẹbí ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin, páànù ni gbogbo ojú máa ń wò: mélòó ló fò lọ, mélòó ló ṣì dára. Ògiri ṣì dúró, nítorí náà ọkàn á balẹ̀, wọ́n á ní kí àwọn ará Èkó fi owó ránṣẹ́ nígbà tó bá rọrùn. Òjò á wá máa rọ̀ sórí ògiri náà. Tó bá fi máa di oṣù kẹsàn-án, ìyàrá kan á wó lóru, àwọn ènìyàn á sì sọ pé ilé ti gbó. Omi ló pa á, ó sì gbà tó oṣù márùn-ún kó tó pa á. Nínú oṣù márùn-ún yẹn, àyè wà láti gbà á là.

Mo ń kọ èyí fún àwọn ọmọ ẹbí tí owó máa ti ọwọ́ wọn jáde, àti fún bíríkìlà tó mọ búlọ́ọ̀kù dunjú àmọ́ tí kò tíì fọwọ́ kan amọ̀ rí. Ilé tí mo ní lọ́kàn ni irú èyí tó wà ní àwọn agboolé Ìlọrin, Àjàṣẹ́-Ìpo, Òmù-Àrán, Ìgbàjà àti Ọ̀fà: ilé ilẹ̀, ògiri amọ̀ pupa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú tàbí láàárín, páànù lórí. Tó bá jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni, ẹ pe ẹnjiníà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, nítorí àjà òkè rẹ̀ lè máa ti ògiri síta lọ́nà tí ojú lásán kò lè rí.

Ògiri ilé àtijọ́ kì í tín-ín-rín. Ọ̀pọ̀ wọn nípọn tó sẹ̀ńtímítà 40 sí 50. Ìpele ìpele ni wọ́n fi mọ ọ́: wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á ṣù ú, wọ́n á mọ ìpele kan yíká gbogbo ilé, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀ sí méjì, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó gun èkejì lé e. Ní ibi tí ara ògiri bá ti ṣí, ẹ ṣì lè rí ojú ìpele wọ̀nyí bí ìlà gbọọrọ. Amọ̀ tó gbẹ lè ru ẹrù òkè fún ìran mẹ́ta, mẹ́rin. Tí omi bá rin ín wọnú, ó padà di ohun tó jẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ń pò ó. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi máa ń gbà wọlé: láti orí, nígbà tí òrùlé bá ṣí, láti ẹsẹ̀, nígbà tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ bá ń ta sára ògiri tí ọ̀gbàrá sì ń fọ ìdí rẹ̀, àti láti inú ilẹ̀, tí yóò máa fà gòkè, tí pílásítà sìmẹ́ǹtì kò sì ní jẹ́ kó rí ọ̀nà jáde.

Àwọn tó ń tún ilé alámọ̀ ṣe níbi tí ilẹ̀ ti ń mì mọ ohun kan tó wúlò fún àwa tí ìjì ń bá jà. Nígbà tí ìmìtìtì ilẹ̀ kọlu ìlú Bam ní Iran ní ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2003, àti nígbà tí òmíràn mi àwọn abúlé orí òkè Atlas ní Morocco ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilé alámọ̀ tó wó pọ̀ rẹpẹtẹ. Ibi kan náà ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti já: igun tí ògiri méjì ti pàdé á là, ògiri kan á ya kúrò lára ìkejì, òrùlé tí kò so mọ́ nǹkan kan á sì já lulẹ̀. Ìjì tiwa kì í mi ilẹ̀, òkè ló ti ń fa ilé, ṣùgbọ́n igun yẹn náà ló máa ń kọ́kọ́ là. Nítorí náà, nǹkan méjì ni a ó máa lé nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: kí omi má dé inú amọ̀, kí àwọn ògiri àti òrùlé sì di ara wọn mú.

Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ bo orí ògiri. Kò di dandan kí ẹ bo gbogbo ilé. Orí ògiri gan-an ni kí ẹ bò. Ẹ ra tapólì tó nípọn, ẹ gé e kó lè rọ̀ sílẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 50 ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ má ṣe kan ìṣó mọ́ ògiri, ẹ má sì gbé òkúta sórí rẹ̀. Ẹ so àpò yanrìn méjì méjì pọ̀ pẹ̀lú okùn, kí ọ̀kan rọ̀ sápá ọ̀tún, kí èkejì rọ̀ sápá òsì. Ẹ má jẹ́ kí tapólì dé ilẹ̀, nítorí ògiri tó ti tutù nílò atẹ́gùn. Níbi tí àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé bá ti tẹ̀ tàbí tó ti sán, ẹ fi òpó méjì gbé e ró, kí pákó wà lábẹ́ òpó àti lókè rẹ̀ kí òpó má bàa rì tàbí kó gún amọ̀ lu.

Ẹ kó amọ̀ tó wó kúrò lẹ́sẹ̀ ògiri lọ́jọ́ kan náà. Bí ó bá wà níbẹ̀, omi tó gbà sára ni yóò máa fún ògiri mu. Ṣùgbọ́n ẹ má dà á nù! Amọ̀ yẹn ló dára jù lọ fún àtúnṣe, nítorí kò sí èyí tó bá ògiri yín mu jù ú lọ. Ẹ ṣa ìpàǹtí àti àfọ́kù sìmẹ́ǹtì kúrò nínú rẹ̀, ẹ kó o síbi tí òjò kò ti ní pa á.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé dígà, ẹ ya fọ́tò gbogbo ògiri nínú àti lóde, ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn ìyàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ ya àwòrán ilé náà sórí bébà. Ẹ wá pe àwọn àgbà jókòó. Olórí ẹbí á sọ ẹni tó ni apá ibi tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí gbogbo ìdí igi (ẹ̀ka ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan) fọwọ́ sí i, torí owó tí ẹnì kan ná sí ilé àjọni láìsọ lè di ẹjọ́ lọ́jọ́ iwájú. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá tí wọ́n gbé níyàwó wá sí agboolé náà ni kí ẹ bi nípa ilé fúnra rẹ̀. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń dáná sí, ibi tí ìkòkò omi wà, ilẹ̀kùn tí wọ́n dí pa àti ìyàrá tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn. Ilẹ̀kùn tí wọ́n dí pa máa ń sán yíká etí rẹ̀, ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ìpìlẹ̀ ló ń rì.

Ẹ bèèrè nípa sàréè pẹ̀lú. Nínú agboolé wa, àwọn bàbá ńlá sùn sínú ìyàrá, sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti sẹ́bàá ògiri níta. Kò sí kòtò tí ó yẹ kí a gbẹ́, ìbáà jẹ́ ti gọ́tà lásán, láìjẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ti fi ẹsẹ̀ tọ́ka ibẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí wọn, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti gbẹ́ rí kì í le bí ilẹ̀ tó kù, ògiri tó bá jókòó lé e sì lè rì díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọba ti kéde ilé náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè lábẹ́ òfin ọdún 1979 tó dá NCMM sílẹ̀, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹbí kò sí lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ wá ka ohun tí ògiri ń sọ. Ibi tó sán tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò fẹ̀ tó mìlímítà 3, tí kò sì gba inú já síta, kì í ṣe wàhálà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé tó ń gbún lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ ń sọ pé apá kan ògiri ń rì tàbí pé àtẹ́rígbà ti jẹrà. Èyí tó dúró ṣánṣán ní igun ilé, tó fẹ̀ lókè tó sì ń tín-ín-rín bọ̀ nísàlẹ̀, ń sọ pé ògiri méjì náà ti ń kọ ara wọn sílẹ̀. Òun ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fojú kékeré wò. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kọjá lórí ibi tó sán ní ọ̀nà mẹ́ta, ẹ kọ déètì àti bí ó ṣe fẹ̀ tó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ padà wò ó lẹ́yìn oṣù kan. Bí ó bá ń fẹ̀ sí i, ohun tó ń fà á kò tíì tán, ẹ kò sì gbọdọ̀ dí i kí ẹ tó wá a rí. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti orí ògiri: bí orí bá ti yọ síta ju ìdí lọ tó sẹ̀ńtímítà 7 lórí ògiri tó nípọn tó 45, ẹnjiníà ni kó sọ bóyá a ó gbé e ró ni tàbí a ó sọ ọ́ kalẹ̀ dé ibi tó ṣì dúró ṣinṣin.

Àsìkò iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn àrọ̀kúrò. Òjò tó ń rọ̀ ní Ìlọrin lọ́dún kan tó nǹkan bíi mìlímítà 1,200, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì máa ń bọ́ sáàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Àyè tí ẹ ní ni láti oṣù kọkànlá sí ìparí oṣù kejì. Ọyẹ́ ń gbẹ ògiri dáadáa, ṣùgbọ́n ó tún máa ń gbẹ amọ̀ tútù ju bó ṣe yẹ lọ, tí yóò fi sán. Omi á sì wọ́n lásìkò náà. Ẹ wá dúrọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí kànga tó gbẹ.

Bíríkì amọ̀ tí a ti sá gbẹ ni mo fara mọ́ fún àtúnṣe, dípò kí a tún máa mọ ìpele tútù lé ògiri gbígbẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé amọ̀ tútù máa ń sún kì bí ó bá ń gbẹ, ògiri àtijọ́ sì ti sún kì tán láti ìgbà ayé àwọn bàbá. Bí ẹ bá lẹ̀ wọ́n pọ̀, èyí tuntun á fà sẹ́yìn kúrò lára ti àtijọ́, ibi ìpàdé náà á sì lanu. Bíríkì ti parí sísún kì tirẹ̀ kó tó dé orí ògiri.

Bí amọ̀ tó wó kò bá tó, ẹ wá ilẹ̀ pupa tó jọ ọ́. Ẹ gbẹ́ kọjá erùpẹ̀ dúdú òkè, ó kéré tán sẹ̀ńtímítà 60, nítorí gbòǹgbò àti ewé jíjẹrà tó wà lókè á sọ ògiri di oúnjẹ ikán. Ẹ rẹ díẹ̀, ẹ pò ó kó le díẹ̀, ẹ yí i gbọọrọ kó nípọn tó sẹ̀ńtímítà 3, ẹ wá máa tì í jáde díẹ̀díẹ̀ ní etí tábìlì. Bí ó bá já kó tó gùn tó sẹ̀ńtímítà 5, yanrìn ti pọ̀ jù. Bí ó bá kọjá 15 kó tó já, amọ̀ ti pọ̀ jù, yóò sán, ẹ fi yanrìn kún un. Ẹ tún lè bu ilẹ̀ tí ẹ ti jọ̀ sínú ìgò funfun dé ìdá mẹ́ta rẹ̀, kí ẹ da omi sí i pẹ̀lú iyọ̀ díẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: yanrìn ló máa kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀, amọ̀ gidi á wà lókè pátápátá. Bí amọ̀ bá jẹ́ nǹkan bíi ìdá mẹ́rin sí ìdá mẹ́fà gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ yẹn dára.

Ẹ rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ gé koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò ìrẹsì sí sẹ̀ńtímítà 5 sí 10, ìwọ̀n kan koríko sí ìwọ̀n márùn-ún ilẹ̀. Férémù onípákó tó máa fún yín ní bíríkì tó gùn tó sẹ̀ńtímítà 40, tó fẹ̀ tó 20, tó ga tó 15 lẹ́yìn tó bá gbẹ, gbọ́dọ̀ tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ sá wọn sábẹ́ òjìji, ẹ fi ẹní tàbí koríko bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ nítorí ọyẹ́, ẹ wá dá wọn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn lè yí wọn ká. Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ fọ́ ọ̀kan wò: bí àárín rẹ̀ bá ṣì dúdú, kò tíì gbẹ. Ẹ ju òmíràn sílẹ̀ láti ìbàdí sórí ilẹ̀ lásán. Etí rẹ̀ lè ya, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọ́ yángá. Ibi tó wó tó gùn tó mítà 3, tó ga tó mítà 1, tó nípọn tó gígùn bíríkì kan, á gba nǹkan bíi bíríkì 80. Ẹ ṣe 90, nítorí àwọn kan á fọ́. Ilẹ̀ tí ẹ ó lò fún un pẹ̀lú amọ̀ ìlẹ̀ mọ́ra tó wílíbárò 30, omi rẹ̀ sì tó dúrọ́ọ̀mù méjì onílítà 200.

Nígbà tí bíríkì ń gbẹ, ẹ mú ojú tó ẹsẹ̀ ògiri. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti ń kú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wò ó. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti jẹ ìdí ògiri wọnú bí ẹni fi eyín ge é, sẹ̀ńtímítà 10, nígbà míì 15. Bí ó bá ti dé ìdá mẹ́ta ìnípọn ògiri, ewu ti wà, ẹ gbé òrùlé ró pẹ̀lú òpó kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ pín ìdí ògiri náà sí ọ̀nà mítà kan mítà kan, ẹ fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí wọn lára. Ẹ ṣe 1, 4 àti 7 lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ, ẹ ṣe 2, 5 àti 8. Nígbà tí ìyẹn náà bá gbẹ, ẹ ṣe 3, 6 àti 9. Ẹ kò gbọdọ̀ ṣí méjì tó fara kan ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ẹ ha amọ̀ tó ti rọ̀ kúrò títí ẹ ó fi kan èyí tó le, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹ bu omi wọ́n ọn, ẹ to bíríkì sí i pẹ̀lú amọ̀, ẹ fi àlàfo sẹ̀ńtímítà 2 sí 3 sílẹ̀ lókè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ fi amọ̀ tó le bí iyán pẹ̀lú àfọ́kù òkúta gún àlàfo náà pa gbọnyin. Bí ẹ bá gún un lọ́jọ́ tí ẹ tò ó, amọ̀ ìsàlẹ̀ á sún kì, ògiri òkè kò sì ní jókòó lé ohunkóhun.

Bíríkìlà á ní kí ẹ jẹ́ kí òun fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì dí i, pé ó yá jù, ó sì le jù. Ẹ kọ̀. Búlọ́ọ̀kù kì í sún kì, kì í sì mí bí amọ̀ ṣe ń mí. Omi tó ń fà gòkè á gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sínú amọ̀ òkè, ibẹ̀ á wá rọ̀, níbi tí ojú kò tó.

Ọ̀rọ̀ pílásítà sìmẹ́ǹtì ló ń dùn mí jù nínú gbogbo èyí, nítorí pé ìfẹ́ ni àwọn ọmọ fi ń ṣe é. Wọ́n fẹ́ kí ilé bàbá wọn dán. Sìmẹ́ǹtì kò lẹ̀ mọ́ amọ̀; bí oòrùn bá pa á, ó ń sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò sì ní lè jáde mọ́. Láti ìta, ilé dára. Nínú, amọ̀ ti di ẹrẹ̀. Bí ẹ bá kan ògiri pẹ̀lú ìka tí ó dún kókó bí ohun tí kò ní inú, pílásítà ti kúrò lára ògiri níbẹ̀. Ẹ má fi òòlù ńlá lù ú, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ á wó amọ̀ tó ti rọ̀. Ẹ gé e sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ṣí, ẹ máa fà á bọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Èyí tó bá ṣì di ògiri mú ṣinṣin, tí fífa rẹ̀ yóò ya amọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ná, ṣùgbọ́n ẹ ṣí sẹ̀ńtímítà 60 ìsàlẹ̀ kí ògiri lè rí ibi mí. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún oṣù kan sí méjì. Kò sí oògùn tó lè rọ́pò oṣù yẹn.

Fún ibi tó sán: èyí tó fẹ̀ tó mìlímítà 3 sí 15, ẹ fi ọ̀bẹ là á sí i, kó jìn tó sẹ̀ńtímítà 5, ẹ gbá ekuru rẹ̀ jáde, ẹ wọ́n omi sí i ní ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ fi amọ̀ líle gún un ní ìpele ìpele. Èyí tó lanu jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó gba inú já síta ni a ó rán. Ní ìwọ̀n sẹ̀ńtímítà 50 sí 60 sókè, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà kan tó dábùú ibi tó lanu, kó gùn tó sẹ̀ńtímítà 80, kó ga tó 15, kó jìn tó 15. Ẹ tẹ́ pákó apá tàbí àyin sí i, tàbí bíríkì tí ẹ gé, kí ó lè di ọ̀tún àti òsì mú, ẹ fi amọ̀ pa á. Ẹ ṣe ti inú kí ti inú gbẹ kí ẹ tó ṣe ti òde. Ní igun ilé, kí pákó náà ṣẹ́ igun, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà kan wọnú ògiri kọ̀ọ̀kan. Apá, àyin àti ìrókò ni ikán kì í tètè jẹ. Igi funfun tí wọ́n ń tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kò yẹ níbí, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Níbi tí ògiri ti wó pátápátá, ẹ gé etí èyí tó kù ní àtẹ̀gùn àtẹ̀gùn kí bíríkì lè wọ inú rẹ̀, kí ojú ìpàdé bíríkì òkè má ṣe bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ẹ má ṣe mọ jù mítà kan lọ lóòjọ́.

Ó wá kan òrùlé, ibi tí owó ti máa ń lọ jù tí làákàyè sì máa ń dín kù. Ìjì kì í tẹ òrùlé mọ́lẹ̀, ó máa ń gbé e sókè ni. Ní ilé àtijọ́, pákó kan péré ló wà lórí ògiri tí wọ́n kan igi òrùlé mọ́, kò sì sí ohun tó so pákó náà mọ́ ògiri bí kò ṣe amọ̀ díẹ̀. Ẹ ṣe é báyìí: pákó méjì oníǹṣì 2 lọ́nà 4, ọ̀kan sí etí inú ògiri, ọ̀kan sí etí òde, kí igi kúkúrú máa so wọ́n pọ̀ ní gbogbo sẹ̀ńtímítà 50, kí wọ́n sì gun ara wọn ní igun, kí ó yí gbogbo ilé ká láìjá. Òun ló máa di àwọn ògiri mú pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lu ihò gba inú ògiri já ní sẹ̀ńtímítà 60 sí 90 sísàlẹ̀ orí rẹ̀, ní gbogbo mítà kan. Ẹ ki wáyà tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 3 sí 4, gba inú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, ẹ fi igi líle kúkúrú há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wáyà má bàa gé amọ̀, ẹ fà á gòkè, ẹ lọ́ ọ mọ́ pákó. Báyìí, kí ìjì tó gbé òrùlé, ó ní láti gbé ògiri tó wà lókè ihò wọ̀nyẹn pẹ̀lú.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da bíìmù kọnkéré sórí ògiri amọ̀ àtijọ́. Èyí tó fẹ̀ tó sẹ̀ńtímítà 20 tó sì ga tó 20 wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 96 lórí mítà kọ̀ọ̀kan, omi tí wọ́n fi pò ó á sì rin wọnú amọ̀ tí ẹ ti ń gbẹ láti oṣù méjì.

Páànù alumíníọ̀mù tó nípọn tó mìlímítà 0.55 ni kí ẹ rà bí agbára bá gbé e, ti 0.45 máa ń ya létí ìṣó. Ìṣó onírọ́bà ni kí ẹ lò, kí ó sì sún mọ́ra ní etí òrùlé àti ní ṣóńṣó rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti ń wọ abẹ́. Kí etí òrùlé yọ kọjá ògiri tó sẹ̀ńtímítà 60 sí 75. Bí ó bá kéré sí i, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ á ta sí ògiri. Bí ó bá pọ̀ jù láìsí òpó, ìjì á fi ṣe ọwọ́ gbé e.

Omi tó ń bọ́ láti òrùlé kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbẹ́ òrùlé kan tó gùn tó mítà 10, tó sì fẹ̀ tó 5, á da lítà 2,500 sẹ́sẹ̀ ògiri bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lọ́sàn-án kan, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù méjìlá àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ dà kúrò lára ògiri, sẹ̀ńtímítà 5 fún mítà kọ̀ọ̀kan, títí dé mítà méjì. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ síbi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń bọ́ sí kí omi má bàa fọ́n ẹrẹ̀ padà. Gọ́tà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ju mítà kan lọ. Ẹ má da kọnkéré yí ìdí ilé ká, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Ó ń lé omi ilẹ̀ wọ abẹ́ ògiri.

Rírẹ́ ló kẹ́yìn. Ìwọ̀n kan ilẹ̀ amọ̀ sí ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta yanrìn ni ẹ ó fi bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán máa ń lẹ̀ dáadáa bí ẹ bá rí i. Ẹ fi ìgbẹ́ màálù àti koríko gígé kéékèèké sí i, kí ẹ jẹ́ kó kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ rẹ́ ẹ̀yà mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó jẹ́ sẹ̀ńtímítà 30 lọ́nà 30 sára ògiri, kí ìwọ̀n yanrìn inú wọn yàtọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ, èyí tó sán fẹ́ yanrìn sí i, èyí tó ń yọ ekuru mọ́ ọwọ́ fẹ́ amọ̀ sí i. Ìpele àkọ́kọ́, mìlímítà 10 sí 15, kí ẹ fi ìka ha á lára kó tó gbẹ. Èkejì, mìlímítà 5, kí ẹ fi òkúta dídán pá a.

Ẹ má fi ọ̀dà elépo (oil paint) pa á lára. Èèpo irúgbá ni àwọn ìyá wa ń lò, kò sì tíì sí èyí tó dára tó o. Ẹ fọ́ èèpo náà, ẹ sè é pẹ̀lú omi púpọ̀ títí omi á fi pọ́n dúdú tí yóò sì ki, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa ògiri tó ti gbẹ dáadáa ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ń mú ojú amọ̀ le, omi á máa yọ̀ lára rẹ̀ dípò kó wọlé, síbẹ̀ ògiri ṣì ń mí. Ilẹ̀ inú ilé náà ń gbà á. Bí ọdún bá yípo, a ó tún un pa.

Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ fi àpò méjì ilẹ̀ ìrẹ́lé yẹn pamọ́ sínú ilé, kí àkàbà wà níbẹ̀, kí ẹ sì yan ọmọ ilé kan tó ń gbé nílùú tí kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì àkọ́rọ̀, kó gun òkè wo ìṣó etí páànù àti wáyà. Lẹ́yìn àrọ̀kúrò, kó yí ilé ká, kó wo sẹ̀ńtímítà 50 ìsàlẹ̀ ògiri, kó tún ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ti jẹ rẹ́, kó sì fọ́ ọ̀nà ikán èyíkéyìí tó bá rí tó ń gun ògiri lọ sọ́dọ̀ igi òrùlé.